Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ọyàn Mi

Ẹni tó bá mọ̀ mí yóò sọ fún yín pé n kì í fẹ́ kí ènìyàn káàánú mi. Mo lè fara da ebi, mo lè fara da ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ni níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan gbé ọwọ́ lé mi léjìká, kó ní "pẹ̀lẹ́ o" pẹ̀lú ojú àánú, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n ta ọwọ́ náà dànù. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwà mi wà nínú rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ Èkìtì ni mí, iṣẹ́ ló gbé mi dé ẹ̀bá òkun Àgbádárìgì. Ọ́fíìsì mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òtò, Àjàrà ni mo ń gbé, ọkọ mi sì wà nílùú wa, ìparí oṣù ló máa ń wá. Ilé tí mo gbà sí Àjàrà, obìnrin Ègùn kan ló ń bójú tó o, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ kó tó kú. Èmi àti ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ, nítorí náà kò pẹ́ tí a fi gbàgbé pé ayálégbé ni mí. Òróró àgbọn ló ń ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Láràárọ̀ Sátidé, ìró àgbọn tó ń là ló máa ń jí mi, n óò sì gbé àpótí jáde lọ jókòó tì í. Kò sí ẹni tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, látorí àwọn ará Ìmẹ̀kẹ̀ tó ń kó àgbọn wá fún un dé orí ọkọ àwa méjèèjì.

Ìgbà tí mo lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ wa ṣètò bọ́ọ̀sì tí yóò kó wa lọ ṣe àyẹ̀wò ọyàn nínú Èkó. Ọ̀fẹ́ ni, bọ́ọ̀sì sì kún dé ẹnu ọ̀nà. A ń pa ara wa lẹ́rìn-ín láti ibí dé ibẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tí ọyàn rẹ̀ tóbi jù láàárín wa lọ jókòó sẹ́yìn kí bọ́ọ̀sì má baà fì síwájú. Nígbà tó kàn mí, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ búlúù gbé ọyàn mi lé orí pátákó tútù kan bí ẹni ń gbé ẹran lé òṣùwọ̀n, ó sọ pátákó kejì kalẹ̀ lé e lórí, ó ní kí n má mí. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Mo wọṣọ, mo padà sínú bọ́ọ̀sì, mo sì gbàgbé.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n padà wá, pé àwọn rí nǹkan kan nínú àwòrán ọyàn mi òsì tí àwọn fẹ́ tún wò. Mo bi ẹni tó pè mí pé kí ni nǹkan náà, ó ní dókítà ló máa ṣàlàyé. Mo padà lọ. Wọ́n ya àwòrán mìíràn, wọ́n fi irinṣẹ́ kan tó tutù rìn káàkiri ọyàn náà, lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ kan mú díẹ̀ nínú ẹran ibẹ̀. Wọ́n ní èsì yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

N kò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni rí irú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn. Bí mo bá ń wẹ̀, n óò gbójú sókè kí n má baà rí ọyàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ mi, mo ń pín in lọ́kàn ara mi, èyí fún ọmọ mi obìnrin, èyí fún àbúrò mi. Ọkọ mi ń pè lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, mo sì ń kanra mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé mo gbọ́ àánú nínú ohùn rẹ̀.

Ènìyàn méjì péré ni mo sọ fún lẹ́yìn rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyàwó olùṣọ́àgùntàn wa, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá ìjọ. Wọ́n kó ẹgbẹ́ aládùúrà jọ, wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ méje fún mi, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ ló ti mọ̀. Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ mi ẹ̀yìnkùlé yìí. Òun kò kí mi pẹ̀lẹ́. Ó wò mí títí, ó ti abọ́ àgbọn kan àti irin tí a fi ń rin ín síwájú mi, ó ní òun ò lè máa dá ṣiṣẹ́ kí n jókòó máa wo òun. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni mo fi ń rin àgbọn bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, títí orí ìka mi fi bó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Dókítà tó fún mi ní èsì, ọmọdé ni lójú mi. Ó ní, "Mà, kò sí jẹjẹrẹ lára yín. Kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ó ṣàlàyé pé ọyàn mi ló ki, pé ẹran inú rẹ̀ gbé ara lé ara nínú àwòrán àkọ́kọ́, ìyẹn ló fi jọ nǹkan burúkú. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, kí n má ṣe jẹ́ kó lé mi sá, kí n rí i pé mo padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u. Nínú gbogbo ohun tó sọ, "kò sí" nìkan ni mo gbé délé.

Nínú ìjọ wa, ẹni tí a bá gbààwẹ̀ fún gbọ́dọ̀ padà wá jẹ́rìí. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n bí o kò bá ṣe é, wọn yóò máa wò ọ́ bí aláìmoore. Ìyá ìjọ ti fi mí sí ara àwọn tí yóò jẹ́rìí kí n tó débẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ ní ṣókí nítorí àkókò. Ọ̀rẹ́ mi, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, fi ìsìn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó wọ léèsì funfun, ó wá jókòó ní ìlà kẹta nítorí mi.

Mo gba máìkì. Mo sọ pé, "Wọ́n rí i nínú ọyàn mi. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, wọn ò rí i mọ́."

Ẹ tún un kà. Kò sí irọ́ nínú gbólóhùn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, irọ́ ni wọ́n, mo sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Gbogbo ilé ìjọsìn dìde. Wọ́n ń ké halelúyà, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè, ọ̀rẹ́ mi ń jó pẹ̀lú omi lójú. Mo wo ojú wọn, n kò rí àánú kankan níbẹ̀ mọ́. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tó ń lọ, wọ́n wá ń wò mí bí ẹni tí Ọlọ́run fọwọ́ kàn. Ó dùn mọ́ mi. N kò ní parọ́ mìíràn lé e lórí, ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Ọdún kan pé, wọ́n pè mí láti ibi àyẹ̀wò. Mo rí nọ́ńbà náà, mo dojú fóònù délẹ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì, mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́. Wọ́n pè nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, mo pa á rẹ́. Bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ tún ń lọ, ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èmi kọ́, èmi tí Ọlọ́run ti ṣe tèmi parí. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ lọ nígbà àkọ́kọ́ ni kò lọ mọ́. Àwọn tó gba ẹ̀rí mi gbọ́ ní àdúrà tó. Àwọn tí kò gbà á gbọ́ ní kí ni àwọn ń lọ gba ìpayà fún, ẹni tí wọ́n pè ní aláìsàn lọ́jọ́sí náà rè é tó ń jẹ ẹ̀bà. Wọ́n ní ìjókòó tó ṣófo nínú bọ́ọ̀sì náà pọ̀ ju èyí tí ènìyàn wà lórí rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá bi mí nígbà náà, n óò ní nítorí ẹ̀rí ni, pé báwo ni mo ṣe fẹ́ máa lọ wá ohun tí mo ní Ọlọ́run ti mú kúrò. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí kò bá tilẹ̀ sí ẹ̀rí kankan, n kì bá tí lọ. Inú ń bí mi sí wọn. Wọ́n ti fi mí sínú ikú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lásán, wọ́n wá ní kí n padà wá bóyá àwọn tún lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sì gbóòórùn oògùn ilé ìwòsàn ní ibikíbi, n óò yí padà gba ọ̀nà mìíràn. Ọdún kejì kọjá, ọdún kẹta ń lọ sí àárín, n kò lọ.

Sátidé kan ni ọ̀rẹ́ mi pè mí wọ inú ilé ìdáná rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tú ìró rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó fi sí ẹ̀gbẹ́ ọyàn rẹ̀ ọ̀tún. Ohun tí mo fọwọ́ bà níbẹ̀ tó kóró àgbálùmọ̀, ó le, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo tì í. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní ó ti ń lọ sí oṣù márùn-ún. Mo bi í pé kí ló wá ń ṣe láti oṣù márùn-ún, ó sì wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu.

"Ohun tí o ṣe náà ni," ló wí. "Mò ń gbààwẹ̀, mò ń gbàdúrà. Ó kàn jẹ́ pé tèmi ń pẹ́. Mo fẹ́ kí o mú mi lọ bá ìyá ìjọ yín, kí wọ́n ṣe é fún mi bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọ gẹ́lẹ́."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo ní ó dáa, mo sì mú un lọ.

Ẹ má dá ìyá ìjọ lẹ́bi o. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ní kó lọ fi han dókítà pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ mi ló dáhùn pé bí kókó náà bá ti lọ tán ni òun yóò lọ fi hàn wọ́n, bíi tèmi, kí wọ́n wò ó kí wọ́n má rí i mọ́. Ìyá ìjọ yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi tó ti tọ ọ̀nà náà rí ni kí n sọ. Mo ń wo ilẹ̀. Odidi oṣù kan ni a fi ń lọ ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, tí a ó gun Màrúwá padà wálé, tí ebi ààwẹ̀ ń pa á, tí inú rẹ̀ sì ń dùn. Mo kórìíra ara mi ní gbogbo ọ̀nà, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ nípa iye tí àgbọn ti wọ́n tó.

Nígbà tó yá, ó ní ó ti ń rọ̀. Ẹ̀yìnkùlé la wà, ó ń rin àgbọn, ó sì ní kí n fọwọ́ kàn án wò. Mo fọwọ́ kàn án. Kò rọ̀. Ó ti tóbi sí i, awọ ara tó wà lórí rẹ̀ sì ti súnkì. Ó ń wo ojú mi, ó ń retí kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo sọ fún un pé, "Kò sí jẹjẹrẹ lára mi rí. Dókítà ní kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwòrán ló ṣì wọ́n lọ́nà."

Kò dá iṣẹ́ dúró. "Kí lo wá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó rin àgbọn ọwọ́ rẹ̀ tán, ó mú òmíràn. Mo rò pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ ń fẹ́ kó bú mi. Ó wá bi mí pé bó bá jẹ́ àṣìṣe ni, tí n kò ní nǹkan kan lára, kí ló dé tí n kò padà lọ láti gbogbo ọdún yìí wá. Òun rò pé nítorí pé Ọlọ́run ti parí rẹ̀ ni.

Mo ní, "Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó mi orí. Ó ní bóyá àṣìṣe ni tirẹ̀ náà. Ó wo ojú mi, ó sì gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró, ó sì ní, "Nọvi ṣie, ẹ̀rù ń ba èmi náà. A ó jọ lọ. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ wọlé." Bí àwọn Ègùn ṣe ń pe ọmọ ìyá wọn nìyẹn. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé a lọ. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, a wọ ọkọ̀ láti ìdíkọ̀ lọ sí inú Èkó. Nígbà tí wọ́n pè mí, ẹsẹ̀ mi kọ̀, òun ló tì mí lẹ́yìn díẹ̀. Pátákó yẹn ṣì tutù bákan náà. Nígbà tí wọ́n ní kí n má mí, ara mi ń gbọ̀n débi pé wọ́n ní láti tún àwòrán náà yà. Mo jáde, òun wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kejì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, mo mọ abẹ́rẹ́ náà.

Èsì tèmi ló kọ́kọ́ jáde. Mímọ́ ni. Mo gbọ́ ọ, inú mi kò dùn, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkọ mi.

Èsì tirẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀. A jọ jókòó níwájú dókítà obìnrin kan tó ti dàgbà, tó fọwọ́ lé ìwé náà lórí kó tó sọ̀rọ̀. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti dé abíyá. Ó ní ìtọ́jú wà, pé wọn yóò fún un ní oògùn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ, ì bá ti rọrùn púpọ̀ bó bá ti wá nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó mú bírò, ó bi í ìgbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ bà á, ó sì bi í ohun tó dá a dúró.

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé tèmi lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo dókítà lójú.

"Iṣẹ́ àgbọn ni, Mà," ló wí. "Mi ò ráyè."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń mú un lọ gba oògùn báyìí. Irun rẹ̀ ti já tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rin àgbọn. Mo máa ń di fìlà rẹ̀ mú bó bá ń bì lójú ọ̀nà, a sì ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn bí a ṣe máa ń ṣe. Ìyá ìjọ ti bẹ̀ ẹ́ wò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sọ nǹkan kan fún wọn. Láti ọjọ́ yẹn, kò tíì fẹnu kan oṣù mẹ́fà tó fi dúró náà rí, kò sì wò mí ní ìwòkuwò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ń dúró dè é lójú ọ̀nà àbọ̀, kó kàn bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló dé tí mo fi dákẹ́. Kò béèrè. Ó máa ń sùn lé mi léjìká títí a ó fi dé Àjàrà.